Ológbò Mi Gbẹ, Ẹja Abẹ́ Ilé Sanra

Ọjọ́bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń rún ẹja yíyan kúnná sílẹ̀ fún ológbò mi, síbẹ̀ eegun ìhà rẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Nírọ̀lẹ́ yìí, ọkọ mi ju ìwọ̀ sódò abẹ́ ilé wa tó dúró lórí òpó. Ẹpìyà tó fà jáde sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, kí lò ń fún àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ?"

Mo wo àlàfo ilẹ̀ pákó wa. Ha! Ibẹ̀ ni gbogbo ẹja tí mo ń rún ń gbà já sódò. Èmi tí wọ́n bí sílé orí omi!

A se ẹpìyà náà jẹ. Mo gbé orí rẹ̀ fún ológbò, nínú àwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń jẹ, ó ń kùn sí mi. N ò bá a wí. Ẹran tó yẹ kó wà lára rẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán yẹn.