Bíréèkì Tó Gbọ́dọ̀ Gbóná Kó Tó Mú

Abdulmujeeb ọmọ mi, Àkànní ọkọ Labeebah,

Ṣé ara le l'Ékòó? Ṣé aboyún ń jẹun? Ọlọ́run Ọba yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Bàbá rẹ ń bẹ, orúnkún wọn nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ewúrẹ́ Kafilat aládùúgbò wa ti bímọ, ó sì tún ti wọ oko ẹ̀gẹ́ wa.

Àyà mi já nígbà tí Ibtisam àbúrò rẹ ka ohun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé bíréèkì méjì lo rí, ọ̀kan ti eré ìje, ọ̀kan ti ojú títì, èwo ni kí o rà. Ibtisam ní ọ̀rẹ́ rẹ lo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, o ṣì í tẹ̀ ni. Mo ní irọ́ ni, ta lèèyàn ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ bí kò ṣe ìyá rẹ̀? Mo wá wo àwòrán tó bá a wá. Háà! Ti eré ìje lu káàkiri bí asẹ́, òun ló sì tún wọ́n jù! Èmi tí mo ń ta abọ́ kí n tó bí ọ, èyí tó bá ti lu, ẹ̀dínwó ni mò ń tà á.

Mo gbé fóònù tọ Àtàndá lọ, dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ìlú Ara. Ó ní bíréèkì eré ìje kì í mú dáadáa tó bá tutù, àfi tó bá kọ́kọ́ gbóná janjan. Subhaanallaahi! Bíréèkì tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bínú! Bí ọlọ́kadà bá já sí ọ lójú ní Sekona láàárọ̀ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ṣé wàá bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù kí bíréèkì gbóná ni? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé àsálátù, mo ní kí wọ́n bá mi ṣàdúà kí bíréèkì rẹ má tutù láé. Ẹnu ya Àáfà, wọ́n ní ìtutù ni àwọn máa ń tọrọ fún arìnrìn-àjò, àwọn ò tọrọ ooru rí. Síbẹ̀ wọ́n ṣe é.

Ti ojú títì ni kí o rà, àbí ibo tún ni mọ́tò ń gbà? Owó tó bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ sí mi fún oògùn orúnkún bàbá rẹ àti ọṣẹ ìkókó. Bí o bá sì ti ra ti eré ìje ná, gbé mọ́tò náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò wá ṣọdún Iléyá. Kò sẹ́ni tó máa béèrè mọ́tò lọ́wọ́ rẹ nílé yìí. Ọlọ́run yóò mú yín dé láyọ̀. Àkànní, ọdún gbọọrọ la fi sunkún tọrọ oyún inú Labeebah. A ò tọrọ mọ́tò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàsílátù, Ẹdẹ.