Ọwọ́ Òsì Bàbá Kòkànmí

                                                  Ilé Aláwòrán,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà, Ìlaròó,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Mẹ̀dínátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ń kọ́? Ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ẹnu ìrìn Kùtọ̀nù náà ló ṣì wà? Màmá, ìyá ọkọ rẹ, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn rìn díẹ̀díẹ̀? Asiyah ọmọ mi ń kọ́? Kú òjò, kú ọjà, kú wàhálà ẹnubodè. Tiwa níbí, a dúpẹ́. Basit ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń fi ojú bẹ́ẹ̀ wò mí.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo pè ọ́ títí, obìnrin kan ló ń fi Faransé dá mi lóhùn bí ẹni pé mo jí i lójú oorun. Fóònù Ìfọ̀nyìntẹ̀dó yín ò mọ orílẹ̀-èdè tó wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpòòwé kékeré kan wà nínú ńlá yìí tí fóònù kò lè gbé. Má tíì ṣí i o, ojúkòkòrò! Gbọ́ tẹnu mi ná.

Ìlaròó gbóná lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkọ mi ló sì dáná sí i. O mọ̀ pé yàtọ̀ sí pátákó tó ń kọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn Ẹnubodè ní ọjọ́ Ẹtì: Bàbá Kòkànmí, arúgbó tó máa ń ní ọ̀rọ̀ ò kan òun, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Ní oṣù tó kọjá, àlejò kan nínú àwòrán náà bèèrè ọ̀nà ilé bàbá Bàbá Kòkànmí. Baba nawọ́, ó júwe. Ọwọ́ òsì ni.

Háà! Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ọ́fíìsì wọn. Bàbá Oyèkúnlé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko pé ọmọ àlè ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀, kí wọ́n yáa sọ ẹni tó bí Bàbá Kòkànmí fáyé gbọ́. Olùkọ́ kan ní Pólì fèsì pé Bàbá Oyèkúnlé ò lóye àwòrán: àwọn olóṣèlú ló ń bá wí, àwọn tó ń fi òsì fún wa ní nǹkan, tí ọ̀tún wọn wà nínú àpò. Ọlọ́kadà kan ní kò sí òwe kankan níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló mú ọwọ́ ọ̀tún baba, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́ o! Ìyá oníṣu ẹ̀gbẹ́ ilé wa wá bá mi kẹ́dùn. Nídìí àtẹ ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn tí kì í rà á ti ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, Abdulfatah télọ̀ gbá ẹnìkan láṣọ mú. Àwọn kan tún lọ tú ìwé àtijọ́, wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni baba ti ń fi òsì jẹ ẹ̀bà, òsì náà ló sì fi gba obì lọ́wọ́ àna.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè, olóòtú wọn, bá ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Ó ní kó ṣàlàyé ọwọ́ yẹn nínú ìwé tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Bàbá Kòkànmí máa lọ sinmi. Mẹ̀dínátù, pátákó ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n baba yẹn ni ayọ̀ rẹ̀. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù sì bà mí. Èyí tó burú jù ni pé òun gan-an ò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀tún ló rò pé òun ń yà.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a nídìí iṣẹ́. Ó fi ọ̀tún di pẹ́ńsùlù mú. Ó fẹ́ ya ibi tí baba ti di ife mú, ló bá fi òsì gbé ife ẹ̀kọ náà sókè, ó ń wò ó, ó ń yà á. Mo dúró tì í títí. Mo ní, "Bàbá Basit, ọwọ́ ta lò ń yà yẹn?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìwé, ó tún wo ọwọ́. Àṣé láti ọjọ́ tó ti ń ya baba yìí, ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń wò yà! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ wo gbogbo ìtumọ̀ tí àwọn èèyàn ti rí nínú ẹ̀!

Ó ní ó parí nìyẹn, òun á sọ pé àṣìṣe ni, òun á sì dá ọwọ́ padà sí ọ̀tún. Ó ti ń pa òsì rẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Asiyah sọ sí mi lọ́kàn.

Ṣé o rántí Iléyá tí ẹ wá kí wa? Ọmọ rẹ jókòó ti ìwé ìròyìn, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sábẹ́ híjàábù bó ṣe máa ń ṣe, nítorí pàṣán tí Màmá fi ń nà án bó bá lò ó. Ó wo Bàbá Kòkànmí, ó ní, "Ta ló máa ń na bàbá yìí?" A ní kò sẹ́ni tó ń nà án. Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan?" A rẹ́rìn-ín, a bu ẹran fún un. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ yẹn ti rí ọwọ́ náà ṣáájú gbogbo Ìlaròó, ohun tó ń bi wá ni kò yé wa. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọkọ mi. Kò pa ọwọ́ náà rẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni àwòrán tuntun jáde. Gbogbo àdúgbò ń pariwo lé Bàbá Kòkànmí lórí pé kó yí ọwọ́ padà. Baba ní, "Èyí tí Ọlọ́run fi agbára sí nìyí. Ẹ lọ bi àlejò bóyá ó ṣìnà." Nínú àwòrán tó kẹ́yìn, àlejò ti jókòó sílé bàbá Bàbá Kòkànmí, ó ń jẹyán.

Wọn ò tíì ṣíwọ́ àríyànjiyàn o. Bàbá Oyèkúnlé tún ti kọ̀wé pé òwe àgbà ò yí padà, àmọ́ òun gbà pé àlejò débẹ̀. Olùkọ́ Pólì ṣì ní olóṣèlú ni. Ọlọ́kadà ń dúpẹ́ pé ara baba ti ń yá. Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè ò sọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́, torí ìwé tán lórí àtẹ kó tó dọ̀sán.

Màmá kì í ṣe èèyàn búburú, bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà ni. Kí Asiyah fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí pàṣán sinmi. Àwọn náà ló máa ń sọ pé bí a bá fi òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìfàmọ́ra ló kù.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Basit ní kí n kí ẹ.

Ó yá, ṣí àpòòwé kékeré. Ti inú ìwé ìròyìn kọ́ nìyẹn, ọkọ mi tún un yà lọ́tọ̀ ni. Ó fi ọmọbìnrin kékeré kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba, tó fi òsì di pẹ́ńsùlù mú. Asiyah ló ni ín. Má sọ ọwọ́ tí yóò fi gbà á fún un. Ṣáà sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ti yé wa báyìí: kò sẹ́ni tó ń na Bàbá Kòkànmí, kò sì sẹ́ni tí yóò nà án.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Toheebat, Ìyá Basit.