Ìgò Oògùn Ojú Tí Kò Tán

Òkìtìpupa. Ọjọ́bọ̀, oṣù Kìíní, 1995.

Ojú Bùsáyọ̀ ọmọ mi kò là láàárọ̀ yìí. Ipin ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rẹ ẹ́ kó tó lè rí mi.

Olúwa, kí ni kí n tún ṣe? Dókítà ní kì í ṣe Àpólò, pé eruku ọyẹ́ ni kò bá ojú rẹ̀ mu. Ó ní kí n máa kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pé yóò tán lọ́jọ́ mẹ́wàá. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlá, ìgò náà ṣì kún dé ọrùn. Èmi òmùgọ̀, mo tilẹ̀ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òróró opó gbẹ ti bẹ̀ wá wò.

Ìyá ọkọ mi, tó ti Òde-Ayé wá bá wa gbé, ló rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ìgò náà wò lọ́sàn-án.

"Ìyàwó mi, ṣé mo lè jẹ́ kó tán? Tó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni mo ń bu omi àdúrà sí i."

Mi ò lè pariwo mọ́ wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Dókítà ojú kò ní sí níbi iṣẹ́ títí di ọ̀la, bí ojú náà bá sì...

Láti ọjọ́ mẹ́rin ni Bùsáyọ̀ ti ń ké pé, "Màmi, ó ń ta mí." Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì kán an sí i.