Ràfíù Kọ́ Ló Já Èdìdì Òjé Náà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà òwúrọ̀ tí mo mọ̀ pé orúkọ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Jọ́ọ̀sì níbí. Mo kí Bàbá Ìjọ, mo kí àwọn ìyá aláṣọ funfun tí ẹ jọ ń jókòó níwájú pẹpẹ. Mo kí àwọn ará Mámù tí a jọ wọ igbó gẹdú. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bí o bá gbà kí n kí ọ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí ti máa bá yín, tí gbogbo ayé yóò ti kà á kí ẹnì kan tó kà á fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò fi í sínú àpò ìwé, kí n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn bí ọmọ gidi. Ìyá mi, gbangba ni mo ti pa irọ́ náà, ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ọjọ́ ọjà, tí àwọn ará Orù àti Awà àti Àgọ́-Ìwòyè fi gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa wá sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín nínú yàrá? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kejì péré ni mo kà, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti pe akọ̀wé kan jókòó kí n máa sọ ọ́ sí i létí.

Òtútù ibí kì í ṣe kékeré. Ọyẹ́ tiwa a fẹ́ díẹ̀, a sì lọ. Tibí a jókòó bí onílé. Omi inú garawa mi láàárọ̀ ń ta ni lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Gàárì wọn kò kan rárá, bí ẹni ń jẹ iyanrìn ni, èmi nìkan ni mo sì ń jẹ ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí mo ń bá jẹun. Ní ti iṣẹ́, mo ti ń kọ̀wé sí yín pé mo ń bójú tó ọkọ̀. Òótọ́ ni. Géètì ni mo ń ṣọ́, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Èmi! Èmi tí mo fa ayùn nínú kòtò fún ọdún mọ́kànlá, tí n kò jogún igi kan, tí n kò tọrọ bàtà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí mo kọ́kọ́ ra lọ́rì tuntun nínú gbogbo àwọn tí a jọ la pákó. Ẹni tí mo lè bí lọ́mọ á wa ọkọ̀ dé, á fun fèrè, èmi á sì sáré ṣílẹ̀kùn. Kí ẹ má tún fi mí yangàn mọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí lọ́rì náà dé láti Èkó. Ẹ̀yin ìyá ìjọ yí i ká lẹ́ẹ̀méje, ẹ wọ́n omi àdúrà sí gbogbo táyà rẹ̀. Ràfíù, ọkọ Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí mo fi ṣe dírẹ́bà rẹ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àmín tirẹ̀ bí Mùsùlùmí, ẹ sì ní kó ṣe é sókè kí Ọlọ́run lè gbọ́. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú orí ọkọ̀, ní lẹ́tà pupa gàdàgbà-gadagba, pé KÒ SẸ́NI TÓ BÁ MI RÀ Á. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n lọ ra tiwọn, kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n sí i.

Kọ́ńpìnnì tó tà á fún mi ní ìwé kan, ìwé líle tó ń dán, tí àwòrán ọkọ̀ wà lójú rẹ̀. Gáráńtì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá wọn ní bí ohunkóhun bá ṣe ẹ́ńjìnnì láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n kí n máa mú ọkọ̀ àti ìwé náà wá lóṣooṣù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mo gbọ́. Èwo ni tèmi ti lílọ Èkó lóṣooṣù bí ẹni tó jẹ gbèsè? Mo gbé ìwé náà lọ bá ayafótò, mo ní kó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kó fi dígí bò ó, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò mi. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ara pátákó ló kọjú sí.

Ìyá mi, èdìdì kan wà lára ẹ́ńjìnnì náà, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi òjé dè. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun sáré kọjá agbára rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi mọlé. Èmi rí i bí okùn tí ẹlòmíràn so mọ́ ẹran mi.

Nígbà tó di oṣù kejì, ọkọ̀ àlòkù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹdú mẹ́ta gun òkè ọ̀nà Mámù, tèmi tuntun sì ń fi méjì rá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ni ín rí mi ní gáréèjì, ó pè mí lójú gbogbo elérù tó ń di gẹdú, ó ní Bàbá Kò-Sẹ́ni, ṣé kí òun wá bá yín tì í ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. N kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Mẹ́káníìkì kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Dáúdà lorúkọ rẹ̀. Ó ní tí a bá já èdìdì yẹn, tí òun bá fẹ ihò tí epo ń gbà wọlé, tí òun sì fá díẹ̀ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà yóò máa gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ràfíù bẹ̀ mí. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi kọ́ńpìnnì léèrè ná, oṣù mẹ́rin náà ló kù. Mo bi í pé ṣé òun ló rà á ni. Mo ní kó lọ síwájú ọkọ̀ kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi sókè. Ó lọ, ó kà á. Dáúdà ń rẹ́rìn-ín. Mo gba pínsà lọ́wọ́ Dáúdà, èmi fúnra mi ni mo gé wáyà náà, mo sì ju òjé rẹ̀ sínú koríko. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jọba. Gẹdú mẹ́ta, òkè Mámù, wàìì, a ti kọjá. Mo bá ní kí wọ́n di mẹ́rin lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn òjò, ẹ́ńjìnnì ké lórí òkè náà, irin inú rẹ̀ já, ó gún ara rẹ̀ jáde. Bíréèkì kò lè mú ẹrù náà dúró, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Elérù márùn-ún ló jókòó lórí gẹdú. Ká ní Ràfíù bẹ́ sílẹ̀ ni, òkú márùn-ún la ò bá sin. Kò bẹ́. Ó fi ìdí ọkọ̀ gbá ara òkè títí ó fi dúró, ṣùgbọ́n sítíárìn yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ṣẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀ níbi méjì. Àwọn elérù náà ló sọ fún mi. Èmi ò sí níbẹ̀. Mo wà nílé, mo ń retí owó gẹdú mẹ́rin.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé gáréèjì. Ọ̀gá kọ́ńpìnnì wá láti Èkó, ó béèrè ìwé mi. Mo ní kí wọ́n lọ gbé férémù wá. Ó rí i nínú dígí. Ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò lára pátákó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ya wélewèle. Kò sí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó wá nàka sí ibi tí èdìdì wà tẹ́lẹ̀, ó béèrè ẹni tó gé e. Dáúdà ti yára sọ pé iṣẹ́ òun parí ní wákàtí tí ọkọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun, pé kí wọ́n bi ẹni tó gbà á lọ. Ni gbogbo ojú bá yí sí mi. Ẹni tó pè mí ní Bàbá Kò-Sẹ́ni wà níbẹ̀, ó káwọ́ gbera. Mo ní Ràfíù ni. Mo ní ó lọ gé e lẹ́yìn mi.

Ràfíù wò mí. Ọkọ àbúrò mi ni. Àna kì í já àna rẹ̀ nírọ́ lójú ọjà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú epo dúdú gáréèjì náà, pẹ̀lú apá kan, èkejì wà nínú ọ̀já. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe. Àwọn èrò rò pé ó ń jẹ́wọ́ ni. Wọ́n hó lé e lórí. Ẹnu mi wà níbẹ̀, Ìyá mi, n kò là á.

Ìyókù ṣojú yín. Àwọn ará ilé lọ kó ẹrù Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ní ọmọ yín kò ní bá ọ̀dàlẹ̀ gbé. Ràfíù kò lè wakọ̀ mọ́, ojú ìtìjú kò sì jẹ́ kó jókòó ní Àgọ́-Ìwòyè ìlú rẹ̀. Ó gba Mákùn-Omi lọ. Bàbá rẹ̀ kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí mọ́, nítorí wọ́n ń pè é ní bàbá Ba-lọ́rì-jẹ́. Èmi ta irin ọkọ̀ náà, mo ní mò ń lọ wá owó míràn sí Òkè Ọya. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òyìnbó tó ni kọ́ńpìnnì náà ló rẹ́ mi jẹ.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan wá bínú nínú ọgbà wa níbí, nítorí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Akọ̀wé wa, ọmọ Abẹ́òkúta kan, mú irú ìwé yẹn jáde, ó sì túmọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Yorùbá fún un, èmi sì ń gbọ́ láti ẹnu géètì. Ó ní bí ọwọ́ mìíràn bá kan èdìdì, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ru ú. Kò sọ pé dírẹ́bà ni. Kò sọ pé mẹ́káníìkì ni. Ó ní ẹni tó ni ọkọ̀. Oníbàárà náà ń pariwo. Bí kò bá sẹ́ni tó bá mi rà á, ta ni mo wá ń wá tí yóò bá mi bà á jẹ́?

Mo ránṣẹ́ sí Ràfíù nípasẹ̀ obìnrin kan tó ń kó ẹja gbígbẹ wá tà níbí láti Mákùn-Omi. Mo ní mo fẹ́ sọ òótọ́, kó padà wálé. Ó ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n kí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló ṣì ń pè mí! Ó ní òun gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ti bímọ fún ẹlòmíràn, kí Ọlọ́run wo ọmọ náà. Ó ní apá òun kò tọ́ mọ́, òun ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe, ó tó òun jẹ. Ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu.

Nítorí náà n kò mọ ohun tí lẹ́tà yìí fẹ́ tún ṣe. Àbẹ̀kẹ́ kò lè padà. Apá rẹ̀ kò lè padà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín dé Àgọ́-Ìwòyè, ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání, kí wọ́n kà á fún un níwájú mọ́ṣáláṣí, ní gbangba. Bí ó bá lé yín, ẹ má bínú. Èmi ni ó lé.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ já férémù yẹn kúrò lára ògiri. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí ọ̀gá yẹn ya á, ẹ tún lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e padà sí àyè rẹ̀ nítorí mi. Èéfín ti pa ògiri pálọ̀ náà láwọ̀ dà, ibi tí ó wà yóò sì funfun ju ìyókù lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Bí àlejò bá béèrè, ẹ wí fún wọn.

Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí ìjọ, ẹ kí ẹni tó bá ṣì ń béèrè mi. Ọlọ́run yóò fún yín lẹ́mìí gígùn, yóò mú ẹsẹ̀ yín le dé Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ má retí mi lọ́dún yìí.

Èmi tí mo gé wáyà náà,
ọmọ yín,
Jósẹ́ẹ̀fù.