Ohun Tí Ìràwọ̀ Àgbà Fi Sílẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìyàwó Àkàndé aládùúgbò mi bí ìbejì. Ṣadé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣègbéyàwó ní ìlú Tápà.

Kẹ́hìndé ọmọ-ọmọ mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìràwọ̀ ní yunifásítì, pè mí. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ san owó ilé-ìwé rẹ̀ mọ́, àfi tó bá lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Mo ní kó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún mi.

"Màmá, nínú agbo ìràwọ̀ wa, àwọn tó dàgbà jù ò ní irin púpọ̀ nínú. Àwọn tó ti kú lára wọn ló fọ́n irin sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé."

Mo ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ní ti ìràwọ̀, ọmọ ló ń mu ti àgbà o."

Òrùlé mi ń jò, ṣùgbọ́n páànù lè dúró. Màá fi owó páànù náà ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé lọ́la fún ilé-ìwé rẹ̀, ọ̀kẹ́ méjì náírà.