Jákẹ́ẹ̀tì Fẹ́lẹ́ tí Keziah Fẹ́ Wọ̀ Gun Òkè Yìnyín

                                                  Flat 9, Saltmarsh House,
                                                  Thamesmead West,
                                                  London.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2026.

Títílayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Tóbilọ́ba wà? Tóbilọ́ba fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń fojú sí ìwé, àbí bọ́ọ̀lù náà ṣì ni? Orúnkún Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ọdún yìí mú ní Iléṣà débi pé ẹ ń yáná láàárọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Títí, ohun tí ẹ̀ ń pè ní òtútù níbẹ̀ yẹn, atẹ́gùn lásán ni, má bínú o. Èmi náà wà láàyè, mò ń jẹun, ara le, a dúpẹ́.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi pa fóònù tì tí mo mú bírò. Ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́. Tí mo bá pè ọ́, gbogbo ilé ni yóò bá wa gbọ́ ọ.

O rántí Wòlíì Ọlátúnbọ̀sún tí mo sọ fún ọ, olórí ìjọ wa, tí wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní London. Ilé wọn ni mò ń gbé. Ìjọ wọn ni mò ń lọ. Keziah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sì ni iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń wọṣọ fún un, tí mò ń tì í kiri lórí àga onítáyà. Àgbàlagbà obìnrin tó ti lé lọ́mọ ogún ọdún dáadáa ni o, kì í ṣe ọmọdé. Ọkọ̀ ló kọ lù ú ní Harrow Manorway lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìgbà náà, láti ìbàdí rẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́. Bàbá rẹ̀ ò gbà. Wọ́n ní Ọlọ́run ti sọ fún àwọn pé yóò rìn, nítorí náà a kì í sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Keziah nínú ilé yìí àfi bí ẹni pé ó máa dìde lọ́la. Tí dókítà bá sọ ohun mìíràn, wọ́n á ní ká dáhùn pé a kọ̀ ọ́. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń ní ká gbé àga rẹ̀ síwájú pẹpẹ, kí iṣẹ́ ìyanu lè bá a níbẹ̀. Mo ti ń rí ojú ọmọ náà níbẹ̀ tipẹ́. Kì í wo pẹpẹ, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ṣáájú Kérésìmesì, ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Síkì ni, eré àwọn òyìnbó tí wọ́n ń so pákó gbọọrọ mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè yìnyín. Obìnrin inú fídíò náà ò lè rìn. Àga kékeré kan ni wọ́n dè é mọ́, pákó síkì wà lábẹ́ àga ọ̀hún, ó sì ń sáré bọ̀ láti òkè, ó ń pariwo ayọ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní Scotland, Keziah sì ti forúkọ sílẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Auntie, three years ni mo ti ń look at that wall." Odi ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń wí, Títí, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí i. "Àwọn tó wà inside gan-an, wọ́n mọ release date wọn. Èmi ńkọ́?"

Tí mo bá sọ fún bàbá rẹ̀, mo ti ta ẹni tó fọkàn tán mi. Tí mi ò bá sì sọ, mò ń jẹun lórí tábìlì ẹni tí mò ń tàn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Ó ní òun ti bá mi ronú tán, jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ aṣọ òtútù nìyẹn. Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀ léra wọn lórí yìnyín: èyí tó lẹ̀ mọ́ra tó ń fa òógùn, èyí tó wà lóde tó ń dá atẹ́gùn àti omi dúró, àti aṣọ àárín, èyí tó ń pa ooru mọ́. Ti àárín yìí ni Keziah ò ní. Èmi tí wọ́n bí ní Iléṣà, ohun tí mo mọ̀ ni pé aṣọ tó nípọn ló ń móoru. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, mo ra èyí tó wú jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbá a mọ́ra wálé bí ìrọ̀rí. Keziah wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Auntie, this is a duvet with sleeves." Mo wọ̀ ọ́ fún un náà, mo sì fi bẹ́líìtì àga rẹ̀ dè é bí wọ́n ṣe máa dè é lórí òkè. Mo wá ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ náà ti ká jọ síbẹ̀, ó le gbandi. Ẹ̀rù bà mí. Irú ìkájọ bẹ́ẹ̀ ló ń di egbò lára ẹni tí ara rẹ̀ ò mọ ìrora, mo ti tọ́jú irú egbò bẹ́ẹ̀ rí, kì í tètè jiná. Tí mo bá sì dẹ bẹ́líìtì, kò ní dì í mú. Àfi kí aṣọ náà fẹ́lẹ́, kó sì tún móoru dáadáa, nítorí ìdajì ara ọmọ yìí ò lè sọ fún un pé òtútù ti wọlé.

Ni àwa méjèèjì bá jọ padà lọ. Mo sọ fún Wòlíì pé a fẹ́ lọ gba atẹ́gùn sára, irọ́ kọ́, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè lórí mi. Keziah wọ aṣọ òde rẹ̀ wá, kó lè dán aṣọ àárín wò lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé apá sókè, ó ń nà án síwájú bí ẹni tó ń tukọ̀, torí apá ni wọ́n fi ń darí àga síkì. Èyí tó kọ́kọ́ wọ̀ nírun bí àgùntàn. Ó móoru, àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ṣe ló gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú èkejì. Mo ti fẹ́ràn ìyẹn, mo ní ká bọ́ sọ́nà ilé, ni Keziah bá ní tí ìyẹ́ bá tutù ó máa ń lẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ á sì tán, bẹ́ẹ̀ òjò kì í jìnnà sí òkè Scotland. Òwú àtọwọ́dá ló wà nínú ẹ̀kẹta, wọ́n rán an ní ìlà ìlà. Mo fún un mọ́wọ́, mo tú u sílẹ̀, ó padà wú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó dáadáa láì ká jọ, ọrùn rẹ̀ ga, aṣọ péńpé kan sì bo orí sípù kó má baà ta á lágbọ̀n. Dúdú àti pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, o sì mọ̀ pé ìjọ wa kì í wọ̀ wọ́n. Mo tú gbogbo ìkọ́ aṣọ títí mo fi rí aláwọ̀ ewé kan. Keziah ní kò sẹ́ni tó máa rí i, abẹ́ ló máa wà. Mo ní Ọlọ́run ń rí abẹ́.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Èmi ni mo lọ tú àṣírí náà, nítorí ìbẹ̀rù. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò máa ń gbé aṣọ tó máa wọ̀ wá síwájú pẹpẹ kí wọ́n gbàdúrà sí i. Mo ronú kan òkè, mo ronú kan yìnyín àti àga tó ń sáré, ọkàn mi ò gbà pé kí ọmọ yẹn wọ aṣọ tí àdúrà ò tẹ̀ lé. Ìyá Ìjọ ló sábà máa ń gbàdúrà aṣọ, wọn kì í sì í tọpinpin. Mo ká jákẹ́ẹ̀tì náà, ó kéré débi pé ó wọnú báàgì ọwọ́ mi, mo sì tì í sábẹ́ aṣọ àwọn tó kù níwájú pẹpẹ.

O mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, sìmẹ́ǹtì tútù, ẹsẹ̀ lásán. Gbogbo wa ló wọ súwẹ́tà sábẹ́ aṣọ funfun, a wú bí àkàrà. Ọ̀fun ń dun Ìyá Ìjọ lọ́jọ́ náà, ni Wòlíì fúnra wọn bá bọ́ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé aṣọ kan sókè, wọ́n á gbàdúrà sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bèèrè ẹni tó ni ín, kó má baà di pé à ń wo ojú èèyàn ká tó gbàdúrà fún un. Ẹni tó ni aṣọ á ṣe àmín. Ẹni tó bá dákẹ́ ti kọ àdúrà náà. Wọ́n gbé ti Keziah. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó jọ pé ó yà wọ́n lẹ́nu bó ṣe fúyẹ́. Wọ́n gbóhùn sókè pé ibikíbi tí ẹni tó ni aṣọ yìí bá ń lọ, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà á, kí òtútù ibẹ̀ má ṣe pa á, kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Wọ́n wá ní, "Ta ló ni ín?"

Tí mo bá dákẹ́, mo ti kọ àdúrà lórí ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá ṣe àmín, mo purọ́ lójú pẹpẹ. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Keziah ló sọ̀rọ̀, lórí àga rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ: "Àmín, Daddy. Èmi ni mo ni ín. I'm going skiing."

Ẹyin lọ̀rọ̀, kò sí bí Wòlíì ṣe lè kó àdúrà wọn padà lójú ìjọ. Wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lé e nítan, wọ́n sì mú aṣọ tó kàn.

Láti ọjọ́ náà, Wòlíì ń dáhùn ìkíni mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Keziah ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ láti yàrá dé yàrá, tí mò ń ronú ibi tí màá kó ẹrù mi lọ tí wọ́n bá ní kí n máa lọ. Ilé, ìjọ àti iṣẹ́, ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní, ẹni kan ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Wòlíì wọ yàrá Keziah níbi tí mo ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Wọ́n jókòó sétí ibùsùn. Wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ti ọwọ́ bọ apá rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní ó ń móoru lóòótọ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ kejì lé orúnkún ọmọ wọn. "Sister Mọ́wùnmí," wọ́n ní, "this one is for the chest. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ máa fi bo ẹsẹ̀ tí ò mọ̀ pé òtútù ń mú òun?"

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ rí pé ẹsẹ̀ náà ò mọ̀. Keziah bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ ń sunkún. Èmi tí mo di ìbọ̀sẹ̀ mú, mo sunkún ju àwọn méjèèjì lọ.

Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní dá nìkan lọ sáàárín àjèjì lórí yìnyín, èmi ni màá bá a lọ. Èmi tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra nínú oṣù keje! Mo lanu láti kọ̀, mo rí i tí Keziah ń wò mí, mo pa á dé.

Bá mi kí Bàbá Tóbilọ́ba, kí o bá mi wo orúnkún Màmá dáadáa, sọ fún Tóbilọ́ba pé kó fún ìwé láyè díẹ̀ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Kí gbogbo ará ẹgbẹ́ wa fún mi. Mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì tèmi, aláwọ̀ ewé kan náà, ó sì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kí ara mi lè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìsinmi, àfi kí n gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Wòlíì á gbé e sókè, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bèèrè ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù òkè náà ṣì ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ màá ṣe àmín.

                                                  Èmi náà ni, tìrẹ nínú ooru àti nínú òtútù,
                                                  Mọ́wùnmí.