Ọ̀gá Ni Wọ́n, Wọn Kò sì Tọrọ Àforíjì: Alhaja Mùínàt Àwẹ̀ró Akínlàbí (1958–2025)

Ìlú Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí, ni a ti bí Alhaja Mùínàt Àwẹ̀ró Akínlàbí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1958. Agboolé Alágùntàn ni ilé wọn. Alfa Rájí Oyèdókun, ahunṣọ, ni bàbá wọn. Sìfáwù, tó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ, ni ìyá wọn. Ọmọ iṣẹ́ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alfa Rájí bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan láàárín wọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn ni Alfa ń mú àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ bàbá rẹ̀, bí a bá bá a wí, yóò sá tọ ìyá rẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà kò sì ní í mọ́ ọn lọ́wọ́ láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Alfa yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ìdílé ní ohun kan láti sọ. Ẹ ti ka irú ìtàn báyìí púpọ̀ ní Peckham yìí, nínú ìlú London. Gbogbo olóògbé inú wọn ló níwà tútù, kò sí ọ̀kan tó bá èèyàn jà rí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bi ara wa pé ta wá ni àwọn tó ń pariwo mọ́ra wọn ní Rye Lane lójoojúmọ́. Nígbà tí àìsàn dá Alhaja dùbúlẹ̀, wọ́n pe Rahmah, ọmọ wọn obìnrin, wọ́n sì sọ fún un pé: "Tí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ sínú programme fìdáù mi pé mo gentle, màá dìde." A kò fẹ́ kí wọ́n dìde. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe jẹ́ gan-an ni a óò kọ ọ́.

Ọdún 1964 ni Alhaja bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé láti ibẹ̀, ilé kéú ló kàn, wọ́n sì parí Kùránì kí wọ́n tó wọ ilé ìwé girama. Wọ́n kọ́ ìwé títẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1981, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Alhaji Tàjùdéènì Akínlàbí, ọmọ Ìkìrun, tó ti ń gbé ní London. Ọdún 1984 ni wọ́n tọ ọkọ wọn wá sí fúláàtì kánsù kan ní Peckham. Ọlọ́run fi Hamid, Rahmah àti Waris ta wọ́n lọ́rẹ.

Olú-ìlú kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Alhaja tètè mọ èyí. Ìdájí ni wọ́n ń lọ gbálẹ̀ ní Surrey Quays. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á gba ilé búrẹ́dì kan lọ ní Deptford. Ọ̀gá wọn ní Deptford kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaja fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà ni ẹni àkọ́kọ́ ní London tó sọ fún àwọn ní tààràtà pé iṣẹ́ àwọn kò dára, tó sì fi bó ṣe yẹ kó rí han àwọn.

Ní ọdún 1997, Alhaja ṣí ilé búrẹ́dì tiwọn sí abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn Rye Lane. Búrẹ́dì Agége ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ẹ ń jẹ láti ìgbà náà tí ẹ sì ń sọ pé ti tẹ́lẹ̀ dùn jù ú lọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fi òfin lélẹ̀: kò sí Mummy, kò sí Aunty, kò sí Uncle nínú ilé búrẹ́dì. Bí òṣìṣẹ́ kan bá pẹ́ dé, tó wá ń fọwọ́ pa orí pé, "Mummy, ẹ má bínú, bus ò tètè dé," Alhaja á dáhùn pé, "Mummy ń bẹ nílé. Kí lo fẹ́ bá ọ̀gá sọ?" Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀gá lórí àwọn èèyàn rẹ̀ rí kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wá ìyá síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń béèrè bóyá ó ti rẹ ìyá náà. Alhaja máa ń dá nìkan jẹun ọ̀sán, nítorí ẹni tí wọ́n bá bá jẹun lónìí ni yóò tọrọ àyè lọ́la.

Ní ọdún 2006, Alhaji Tàjùdéènì jáde láyé. Alhaja ṣe tákàbà wọn pé, wọ́n sì padà sídìí ààrò. Ọdún 2008 ni àbúrò wọn, Làtíìfù, ọmọ ìyá wọn tí ó kẹ́yìn, dé láti Ìṣẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Alfa Rájí nìyí. Kàkà kí wọ́n mú àbúrò wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, ilé búrẹ́dì tiwọn ni wọ́n mú un wọ̀.

Làtíìfù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìyẹn kó yé yín. Ṣùgbọ́n ó gbàgbọ́ pé àbúrò ọ̀gá kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ iṣẹ́. "Sister mi" ló ń pe Alhaja níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ń pè é sókè, kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀. Ọ̀gá kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó tún fẹ́ kí gbogbo ilé búrẹ́dì máa pe òun ní Uncle. Àwọn ọmọ wa ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Alhaja. Ẹni tí kò pè é bẹ́ẹ̀ ni Bethany, ọmọbìnrin òyìnbó kan láti Deptford, tí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ju ti ẹnikẹ́ni lọ. "Làtíìf" lásán ni Bethany ń pè é, bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń pe ara wọn. Lẹ́ẹ̀mejì ni Làtíìfù ti lé e jáde nítorí rẹ̀, tí Alhaja sì kìlọ̀ fún Làtíìfù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú Ramadan ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Alhaja ti lọ kírun. Bethany rí i pé ìyẹ̀fun tí wọ́n pò ti ń wú kọjá ààlà, ó sì fi igbe ké pe Làtíìfù lórúkọ láti òpin ilé dé òpin ilé pé kó tètè wá ṣí ààrò. Làtíìfù dáhùn pé ní ìlú tòun, ọmọdé kì í pe àgbà bẹ́ẹ̀, kó gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Bethany gbé e, ó lọ. Nígbà tí Alhaja fi máa ti mọ́ṣáláṣí dé, ìyẹ̀fun ti ya kúrò nínú agolo, ó ti ṣàn sílẹ̀. Gbogbo ilé tó ń retí búrẹ́dì wa fún ìṣínu lọ́jọ́ náà ló wá a tì.

"Ta ló ní kí Bethany máa lọ?"

"Èmi ni, Sister mi. Ọmọ yẹn ò ní respect. Orúkọ mi ló ń pè ṣáá, just like that, níwájú everybody."

"Mo ti warn ẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti warn ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ apron yẹn. Iṣẹ́ ẹ ti parí níbí."

Làtíìfù rò pé eré ni. "Ah-ah, Sister mi..."

"Sister ẹ wà nílé. Tó bá di alẹ́, wá jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọ̀gá ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báyìí."

Làtíìfù kò wá jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti Bethany, Alhaja wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a ní Deptford. Ẹni tó bá rò pé wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ kò mọ Alhaja. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní kó má pẹ́ lọ́la, wọ́n sì padà sílé.

Ariwo ta. Fóònù kò dákẹ́ láti Ìṣẹ́yìn. Ìyá wa Sìfáwù sunkún, ó ní ọmọ òun ti di òyìnbó. Àwa ìdílé náà kò gbè sẹ́yìn Alhaja, ojú sì ń tì wá bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí pe ìpàdé, alàgbà kan sì dìde níbẹ̀ pé, "Alhaja, ẹ̀jẹ̀ yín ni, for God's sake! Ṣé nítorí òyìnbó?" Alhaja ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, sir. N kì í po ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun." Ẹgbẹ́ gba oyè Ìyá Àdínnì tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ibi tí Alhaja ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n lọ jókòó sí, ní ìlà iwájú, kò sì sí ẹni tó láyà láti ní kí wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí àìsàn fi dé.

Làtíìfù di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọ̀nà tó ń gba Rye Lane kọjá ni wọ́n sì fún un. Báyìí ni Alhaja ṣe di èrò ọkọ̀ àbúrò wọn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fi káàdì kan ẹ̀rọ. Làtíìfù á tẹrí ba lẹ́yìn gíláàsì pé, "Ẹ káàárọ̀ ma." Alhaja á ní, "Káàárọ̀, Làtíìfù," wọ́n á sì gun òkè lọ. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Làtíìfù kò jẹ́ kí ìkíni já rí, Alhaja kò sì jẹ́ kí ìdáhùn já. Ọmọ Alfa Rájí ni àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2018, onílé fẹ́ kó wọn kúrò lábẹ́ afárá kí ibẹ̀ lè di ilé ọtí. Àwọn aṣojú rẹ̀ wá pẹ̀lú bàtà dídán. Alhaja fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n sì sọ fún wọn pé London kò ní í jẹ ọtí ní oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù yòókù jọ, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n jà. A ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Ọdún 2021 ni wọ́n fi Làtíìfù ṣe ọ̀gá lórí àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Kò pẹ́ tí ó fi pe Alhaja lórí fóònù, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Sister mi, wọ́n ní kí n dá ẹnì kan dúró lónìí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Uncle ló ń pè mí."

"Ṣé o ti warn ẹ̀?"

"So many times, ma."

"Kọ́kọ́ jẹun kí o tó sọ fún un. Èmi ò jẹun lọ́jọ́ tìẹ. Mi ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn mí, Làtíìfù. Ó sì tún tọ́ bẹ́ẹ̀."

Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Làtíìfù kan ilẹ̀kùn. Oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ti pè é sí láti ọdún 2012 ló wá jẹ, Alhaja sì bu ẹran kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Alhaja dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2025. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Hamid, Rahmah àti Waris, àwọn ọmọ, Yusrah àti àwọn ọmọ-ọmọ mìíràn, Làtíìfù, àbúrò, àti gbogbo ìdílé Oyèdókun àti Akínlàbí.

Ẹni tó sì jẹ́ ọ̀gá ilé búrẹ́dì báyìí ni Bethany. Alhaja ló fi í síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. A kọ ọ́ síbí gbangba kí ẹ má baà máa fi jẹ ìrẹsì lẹ́yìn wa. Yusrah, ọmọ Hamid, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, gẹ́gẹ́ bí Alfa Rájí ṣe fẹ́ kó rí. Ọjọ́ kan tí Yusrah pẹ́, Bethany dá a padà sílé. Ó sunkún wá bá wa, a sì ní kó tètè jí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ibi ìsìnkú, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìmáàmù béèrè ìbátan tí yóò wọ inú sàréè láti gba Alhaja. Hamid bọ́ síwájú. Làtíìfù ti wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ gáréèjì lọ́rùn, ó ti bọ́ bàtà. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ́ wọn pẹ̀lẹ́ sí ìhà ọ̀tún, kí ojú wọn kọ sí gábàsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gòkè. Gbogbo àwa tó wà lẹ́nu sàréè ni a gbọ́ ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ rí láyé rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, mo ti dé. Ẹ máa sinmi."

Kí Ọlọ́run Allah fi àánú gba Alhaja Mùínàt Àwẹ̀ró, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn, kó fi Alijánnà ṣe ilé wọn. Ààrò ṣì ń gbóná o. Ẹ sùn re, Ọ̀gá.